Àgbò Olójú Kan

“Èyí ńkọ́, Màlámù?” Abdulwaris na ọwọ́ sí àgbò funfun kan tí wọ́n so mọ́ ìdí igi, tó dá wà ní tirẹ̀, tó ń jẹ èèpo ẹ̀wà.

Màlámù tó ń ta àgbò kò tilẹ̀ dìde lórí ẹní tó jókòó sí. “Ìyẹn? Mú ọgọ́jọ ẹgbẹ̀rún wá.”

Ẹnu ya Waris. Láti àárọ̀ tó ti ń kiri ní àyíká ọjà Ìpàtà, kò tíì rí àgbò tó tóbi tó báyìí tí owó rẹ̀ wálẹ̀ ju igba ẹgbẹ̀rún ó lé mẹ́wàá lọ. Ó wo ìwo rẹ̀, ó fọwọ́ kan ìhà rẹ̀, ó ní, “Kí ló jẹ́ kí owó tirẹ̀ kéré?”

“Ojú òsì rẹ̀ ò ríran. Ẹ̀gún ló gún un lọ́nà. Kò ṣeé pa ní làyà ọdún Iléyá o. Àwọn tó fẹ́ ṣe ìnáwó ló ń rà á.” Màlámù wá gbójú sókè wò ó. “Kí lo fẹ́ fi ṣe?”

“Ìnáwó ni,” Waris dáhùn.

Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn, kò sì pẹ́ tí èkejì fi tẹ̀lé e.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Waris, ó wà ní kíláàsì SS2. Ìyá rẹ̀, Kùdírátù, ń dín másà ní ìkóríta kan ní Pàkátà. Bàbá rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Nígbà tí bàbá wà láyé, kò sí Iléyá tí kì í pa àgbò, kò sì sí ilé kan lágbègbè wọn tí kì í rí tirẹ̀ gbà nínú ẹran náà. Láti ìgbà tó ti kú, àwọn ni wọ́n ń gbé ẹran wá fún. Wọn á dì í sínú ọ̀rá, wọn á fi lé Kùdírátù lọ́wọ́, á dúpẹ́, á sì sè é. Kò ráhùn. Ṣùgbọ́n ọdún méjì gbáko ló fi ń ju owó sínú kóló kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, níjọ́ tí ọjà bá tà àti níjọ́ tí kò tà. Kò ra aṣọ ọdún. Léèsì tí ọkọ rẹ̀ rà fún un kẹ́yìn ló ṣì ń wọ̀ lọ kírun ọdún ní Yídì. Nígbà tó fọ́ kóló náà, ó kó owó inú rẹ̀ lé Waris lọ́wọ́: igba ẹgbẹ̀rún ó lé ogún.

“Lọ́dún yìí, àwa náà á bu ẹran fún èèyàn,” ó ní. “Ìwọ lọkùnrin ilé. Lọ ra èyí tó bá dára.”

Bí kì í bá ṣe ti bàtà ni, Waris ì bá ra àgbò gidi bọ̀ wálé. Ṣùgbọ́n ohun tó wu ni ní ń pọ̀ lọ́lá ẹni, bàtà funfun kan báyìí sì ti ń wu Waris láti bí oṣù mẹ́ta. Ó wà nínú ṣọ́ọ̀bù kan ní Táíwò Road, wọ́n gbé e sẹ́yìn gíláàsì bí ohun tí èèyàn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Muhammad Awwal, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì, ti ní irú rẹ̀, kò sì yé fi Waris ṣẹ̀fẹ̀. “Ọ̀rẹ́, sálúbàtà ẹsẹ̀ rẹ yìí,” Awwal á ní, “bí o bá bọ́ ọ sẹ́nu ọ̀nà, òun nìkan á dá lọ sí Yídì, á tún dá padà wálé.” Gbogbo kíláàsì á rẹ́rìn-ín. Waris náà á rẹ́rìn-ín, kí wọ́n má bàa mọ̀ pé ó dun òun.

Ní báyìí tó dúró níwájú àgbò olójú kan, ó ṣírò pé ọgọ́ta ẹgbẹ̀rún ni yóò kù sí òun lápò. Ó mọ̀ pé kò tọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ka ẹ̀kọ́ yẹn sókè ní ilé-kéwú, níwájú Ààfáà Sulaiman, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀: èyí tó yarọ kò tó pa ní làyà, èyí tó ń ṣàìsàn kò tó, èyí tó rù kan egungun kò tó, èyí tójú rẹ̀ kan fọ́ kò tó. Ó kà á láìṣì. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n àgbọ́njù ní ń pa òdù ọ̀yà. Waris rántí pé wọ́n tún kọ́ wọn pé kì í ṣe ẹran àgbò, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ló ń dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun, bí kò ṣe ìbẹ̀rù Ọlọ́hun tó wà lọ́kàn ẹni tó pa á. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ó sọ fún ara rẹ̀, kí ni Ọlọ́hun fẹ́ fi ojú àgbò ṣe? Ibi tí ìbẹ̀rù Ọlọ́hun wà nínú ọ̀rọ̀ náà gan-an ni kò yẹ̀ wò. Ó sanwó.

Ó gbé àgbò náà wọ kẹ̀kẹ́, ó so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ògiri ilé wọn, ó sì rí i dájú pé ojú òsì ló kọ sí ògiri. Ìyá rẹ̀ jáde, ó nu ọwọ́ sí ìró, ó fọwọ́ ra àgbò náà lẹ́yìn.

“Ó tóbi,” ó ní. “Ó tóbi, Waris. Èló ni wọ́n gbà?”

“Gbogbo owó náà ni, Ìyá.”

“Ó tó bẹ́ẹ̀. Ọlọ́hun á ṣe ọ́ lálùbáríkà.”

Obìnrin náà kò mọ ibi tí yóò fi ayọ̀ rẹ̀ sí. Ó pe Màmá Tiwalọlá, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó háyà yàrá nílé tó kọjú sí tiwọn, pé kó wá wo àgbò. Ó pe ìyá oníkúlíkúlí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pe àwọn tó ń kọjá lọ. Fawziyyah, àbúrò Waris, já ewé wá, ó na ewé náà sí àgbò láti apá ògiri, àgbò kò sì yíjú.

“Bọ̀dá mi, kí ló dé tí kì í wo ẹ̀gbẹ́ ibí yìí?”

“Ó ń tijú rẹ ni,” Waris dá a lóhùn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọjọ́ Ajé, Waris lọ ra bàtà rẹ̀. Ká sọ tòótọ́, ó dùn mọ́ ọn. Ó wọ̀ ọ́ jáde nínú ṣọ́ọ̀bù, òun àti Awwal rìn láti Táíwò Road dé Post Office, wọ́n tún rìn padà, láìsí ohun tí wọ́n ń wá. Ó fi owó tó kù ra ṣàwámà àti áísìkiriìmù fún Awwal àti ọmọkùnrin méjì mìíràn tí Awwal pè. Wọ́n ya fọ́tò. Awwal ní, “Ní báyìí, o ti di èèyàn.” Waris kò bi í léèrè ohun tí òun jẹ́ tẹ́lẹ̀.

Kò lè wọ bàtà náà délé. Ilé Awwal ló tọ́jú rẹ̀ sí, ó sì wọ sálúbàtà rẹ̀ padà. Lọ́jọ́ kejì ó lọ wọ̀ ọ́ wò, ó rìn yí àgbàlá ilé Awwal ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò sẹ́ni tó wò ó àfi adìẹ. Awwal fúnra rẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀ bàtà mìíràn, dúdú, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Nígbà tí oòrùn ọjọ́ Ìṣẹ́gun yóò fi kan àtàrí, ayọ̀ bàtà ti lọ, àníyàn ló kù. Ẹ jẹ́ ká má purọ́ mọ́ owó o, ìdùnnú tí owó rà kì í burú. Ṣùgbọ́n èyí tí èèyàn gbọ́dọ̀ fi pamọ́ fún ìyá tó bí i kì í tọ́jọ́. Bàtà ọdún ni Waris rà, kò sì lè wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ ọdún.

Ọjọ́rú ni Iléyá. Wọ́n ti Yídì dé, Waris nínú sálúbàtà àtijọ́, ìyá rẹ̀ nínú léèsì àtijọ́. Àwọn ará ilé àti ọmọ àdúgbò pé sí ojúde, wọ́n ti gbẹ́ kòtò sílẹ̀. Ààfáà Sulaiman dé tòun ti ọ̀bẹ, ó ní kí wọ́n tú àgbò wá sí gbangba. Bí àgbò náà ti yí wá, ó forí gbá bọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà lápá òsì rẹ̀, omi sì dà nù. Àwọn ọmọdé rẹ́rìn-ín. Ààfáà kò rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan bo ojú ọ̀tún àgbò, ó ju ọwọ́ kejì níwájú ojú òsì, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì. Àgbò kò ṣẹ́jú.

“Kùdírátù,” ó ní, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀ nítorí àwọn èèyàn, “ojú àgbò yìí kan ti fọ́. A lè pa á, a lè jẹ ẹ́, ẹran ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe làyà.”

Kùdírátù wo àgbò, ó wo Ààfáà, ó wá yíjú sí ọmọ rẹ̀. Waris ti múra sílẹ̀ fún ìbínú, ṣùgbọ́n ìbínú kọ́ ló rí.

“Wọ́n ré ọmọ mi jẹ,” ó ní. “Wọ́n rí i pé ọmọdé ni, wọ́n rí i pé kò ní bàbá tó tẹ̀lé e wá sọ́jà. Èmi ló yẹ kí n bá a lọ. Ẹ má bá a wí, Bàbá Ààfáà. Ẹjọ́ mi ni.”

Ààfáà mi orí. “Bí ọdún bá ti kásẹ̀ nílẹ̀, Waris, èmi pẹ̀lú rẹ la jọ máa padà lọ bá ẹni tó tà á. Èèyàn kì í fojú ọmọ òrukàn gbolẹ̀ báyẹn.”

Màlámù tó sọ òtítọ́ fún un ti di oníjìbìtì lójú gbogbo èèyàn, gbólóhùn kan ṣoṣo ló sì lè gbà á sílẹ̀. Ojú ń ti Waris, ẹ̀rù ń bà á. Kò sọ ọ́.

“Ẹ pa á bẹ́ẹ̀,” Kùdírátù ní. “Mo ti ṣèlérí ẹran fún àwọn èèyàn.”

Wọ́n pa á, wọ́n kun ún. Kùdírátù bu ẹran sínú abọ́ méje, abọ́ tó ní ìdérí, kì í ṣe ọ̀rá, ó sì ní kí Waris máa gbé e káàkiri. Ìyá oníkúlíkúlí ló kọ́kọ́ gbà. Ó ṣí abọ́ wò, ó ní, “Ọlọ́hun á gba làyà yín o.” “Àmín,” Waris dáhùn. Ilé kejì, bàbá arúgbó kan tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà gbé ọwọ́ méjèèjì sókè: “Ọlọ́hun á gbà á. Yóò fi àánú rẹ̀ dé inú sàréè bàbá rẹ.” “Àmín,” Waris ní, ó sì yára kúrò níbẹ̀.

Ilé kẹta ni ti Màmá Tiwalọlá. Ẹ̀sìn wọn kò pa pọ̀, ṣùgbọ́n kò sí Kérésì tí kì í gbé ìrẹsì àti adìẹ wá fún wọn. Ó gba abọ́ náà, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọdé ló gbé e wá.

“Ìyá rẹ sọ fún mi bó ṣe ń kó owó yìí jọ,” ó ní. “Nígbà tí ara rẹ̀ ò yá lọ́dún tó kọjá, mo ní kó fi ra oògùn, ó ní rárá, owó làyà ni. Kí Ọlọ́run gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.”

Waris kò lè ṣe àmín.

“Kí ló dé, ọmọ mi?”

Waris yí padà, ó lọ sílé. Ìyá rẹ̀ wà nídìí iná lẹ́yìnkùlé, òun nìkan, ó ń ro ọbẹ̀ ẹran.

“Ìyá, mi ò lè ṣe àmín mọ́.”

“Èmi náà ò lè ṣe é,” ó ní láìgbójú sókè. “Ṣùgbọ́n kí la fẹ́ wí fún wọn? Ẹ̀bi rẹ kọ́.”

“Ẹ̀bi mi ni. Màlámù ò ré mi jẹ. Ó sọ fún mi pé ojú ẹ̀ fọ́, ó ní kì í ṣe ti làyà. Èmi ni mo purọ́ fún un. Mo fi owó tó ṣẹ́ kù ra bàtà.”

Kùdírátù gbé ṣíbí ọbẹ̀ sílẹ̀. Ó jókòó lórí àpótí. “Bàtà,” ó ní. Ó wá bèèrè pé, “Ṣé ó dùn mọ́ ọ?”

“Ó dùn mọ́ mi, Ìyá.”

“Fún ọjọ́ mélòó?”

Waris ronú. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé sí ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. “Kò pé ọjọ́ kan,” ó ní.

“Ọdún méjì ni mo fi kó tèmi jọ,” ìyá rẹ̀ ní. “Bí mo bá ju igba náírà sínú kóló yẹn, inú mi á ti máa dùn lọ́jọ́ náà, màá ti máa rí ara mi tí mò ń bu ẹran fún èèyàn. O ò bá sọ fún mi pé o fẹ́ bàtà. À bá jọ wá àgbò kékeré tójú rẹ̀ méjèèjì ríran, à bá sì ra bàtà tó mọ níwọ̀n. Ta ló sọ fún ọ pé làyà gbọ́dọ̀ tóbi?”

Kò nà án. Ó fi etí ìborùn nu ojú, ó sì sunkún díẹ̀. Èyí dun Waris ju ẹgba lọ, òun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ọmọdé.

Nígbà tó ṣe, ó lọ bá Ààfáà Sulaiman láàárín àwọn tó ti gbọ́ ẹjọ́ Màlámù ní ojúde, ó sì jẹ́wọ́ lójú gbogbo wọn. Àwọn kan pòṣé. Ààfáà ní kó lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Màlámù fúnra rẹ̀, kó sì máa wá gbá ilé-kéwú láràárọ̀ títí oṣù yóò fi parí. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Abọ́ mẹ́rin ṣì kù. Kùdírátù ní kó gbé wọn dé ibi tó yẹ. Lọ́tẹ̀ yìí, kó tó di pé wọ́n ṣàdúrà, Waris máa ń sọ fún wọn pé, “Ẹran ni o, kì í ṣe làyà. Èmi ni mo ra èyí tí kò tó. Ìyá mi ní kí ẹ bá wa jẹ ẹ́.” Àwọn kan wò ó tìyanutìyanu. Nílé tó gbẹ̀yìn, obìnrin àgbàlagbà kan gba abọ́, ó fọwọ́ lé e lórí, ó ní, “Ọlọ́hun á jẹ́ kí ẹ rí èyí tó tó pa lámọ́dún.”

“Àmín,” Waris dáhùn, ó sì ti inú rẹ̀ wá.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, owó kò burú, bàtà kò sì burú. Ẹni tó bá ní owó, kí ó ra ohun tó wù ú. Ṣùgbọ́n kí a tó náwó, ó yẹ ká bi ara wa pé ayọ̀ ta ni a fẹ́ fi sanwó náà. Bó bá jẹ́ ti ẹlòmíràn ni, yóò ná wa ju iye tí wọ́n kọ sára ọjà lọ.