Ìdérí Pákó

Òjò ń rọ̀, yàrá mùsíọ́ọ̀mù ṣú. Ọmọbìnrin kan ń nu ipa ìka àwọn àlejò kúrò lára dígí nígbà tí káfíńtà gíga kan wọlé, tó ṣí fìlà, tó sì tẹrí ba fún egungun inú àpótí.

"Ẹ káàárọ̀ o, Màmá."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ọmọbìnrin náà. "Ó ti tó ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti kú. Wọn ò lè dáhùn."

"Ìwọ tó o wà láàyè ńkọ́, tí o ò kí mi?"

Bàbá ọmọbìnrin náà, ọ̀gá mùsíọ́ọ̀mù, ló ní kí káfíńtà wá kan àpótí tuntun tó ní dígí àti iná, kí èrò lè rí ìyá àgbà ìgbàanì náà dáadáa. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni káfíńtà fi ń wọn ibí, tó ń wọn ọ̀hún. Iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni o, ṣùgbọ́n ẹni tí ìfẹ́ ọmọbìnrin bá so mọ́lẹ̀, ibo ni yóò lọ? Ọmọbìnrin náà alára ò fẹ́ kó lọ.

Nígbà tó gbé àpótí dé, pákó ló fi ṣe ìdérí. Pósí ló kàn.

"Dígí dà?" ọ̀gá bi í.

"Ẹ má bínú, sà. Òkú ni mo wọ̀n. Ọwọ́ mi ò mọ ọ̀nà míì."

"Títí o fi máa fi dígí sí i, má jẹ́ n rí ẹ lọ́dọ̀ ọmọ mi mọ́!"

Káfíńtà gbé àpótí rẹ̀, ó lọ. Oṣù mẹ́ta gbáko ni ọmọbìnrin náà fi ń nu dígí tomijé-tomijé. Kò fẹ́ kọ bàbá rẹ̀ sílẹ̀. Òun nìkan ni bàbá ní látìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àlejò kan gbé ọmọ lé èjìká, ó ń sín ìyá àgbà náà jẹ, ó ń wa eyín síta, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin náà wọ ọ́fíìsì bàbá rẹ̀ lọ tòun ti àkísà lọ́wọ́.

"Bàámi, nígbà tí Màámi kú, ta ló lé àwọn tó fẹ́ ya fọ́tò wọn?"

Bàbá gbé ojú kúrò lórí ìwé rẹ̀.

"Ẹ̀yin ni. Ẹ ní ojú ìyàwó yín kì í ṣe ìran."

Ọkùnrin náà sunkún bí ọmọdé. Nígbà tó ṣe, ó ní, "Lọ pè é. Kó gbé pósí yẹn wá."

Wọ́n tẹ́ ìyá àgbà náà sínú pósí, ẹ̀yìn mùsíọ́ọ̀mù ni wọ́n sì gbẹ́ ilẹ̀ sí. Bàbá da erùpẹ̀ àkọ́kọ́, ó wọlé lọ. Ó wá ku àwọn méjèèjì.

"Ààyò mi, ṣé wàá fẹ́ mi?" káfíńtà bi í.

"Jẹ́ ká bò wọ́n tán ná."

Wọ́n bò ó tán. Ọmọbìnrin náà nàró.

"Màá fẹ́ ẹ. Àmọ́ tí mo bá ṣáájú ẹ kú, ìwọ ni kó o bo ojú mi."

Káfíńtà fi ọkọ́ sílẹ̀. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú tòun ti erùpẹ̀.