Àga Kejì

Inú omi ni káfíńtà ti kọ́kọ́ rí i. Ó ń kọjá lọ lẹ́yìn òjò ńlá, ló bá rí ọkùnrin kan tó dúró láàárín pálọ̀ ara rẹ̀, omi dé orúnkún rẹ̀, ó gbé àga kan ṣoṣo tó ní lérí.

"Ẹ kú ewu omi o," káfíńtà kí i láti ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ ṣé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra tẹsẹ̀. Rédíò oníbàárà wà lábẹ́ omi níbẹ̀ yẹn."

Rédíò ló ń tún ṣe. Dákẹ́-N-Gbọ́ ni àdúgbò ń pè é, nítorí bó bá ti gbé rédíò sétí, ohun tó ń wí fún gbogbo èèyàn nìyẹn. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni kò sí ẹni tí yóò wí i fún.

Obìnrin ni káfíńtà yìí, pẹ́ńsùlù kì í kúrò létí rẹ̀. Inú ṣọ́ọ̀bù ló ti ń kan yàrá lódindi, ọkọ̀ a wá gbé e lọ síbi tí wọn yóò ti fi nọ́ọ̀tì dè é mọ́ orí òpó.

"Ẹ jẹ́ kí omi gba ọ̀nà tirẹ̀," ó ní. "Ilé yín ni kó dìde. Ẹni mélòó ni yóò gbé ibẹ̀?"

"Èmi nìkan."

Ó dáhùn kíá, bí ẹni tó ti há a sórí. Àánú rẹ̀ ṣe káfíńtà.

Ó kan ilé náà fún un. Pákó ilé àtijọ́ tó ṣì dára ló fi tẹ́ ilẹ̀ yàrá, òpó sì yà fún igi ọsàn ẹ̀yìnkùlé kí wọ́n má baà gé e. Fèrèsé kọjú síra kí atẹ́gùn lè wọlé láìsí fáànù; òjò orí òrùlé ń dà sínú táńkì; sólà ń tan iná. Ṣùgbọ́n ó fi ilẹ̀kùn kan sára ògiri tí kò sí nǹkan lẹ́yìn rẹ̀ àfi òfuurufú.

"Èyí ńkọ́?" Dákẹ́-N-Gbọ́ bèèrè. "Ṣé kí n gbabẹ̀ já bọ́ ni?"

"Ilé tó lè dàgbà ni. Bí ẹnìkan bá dé, a ó so yàrá kejì mọ́ ọn."

"Ta ni yóò dé?"

"Ṣé èmi ni mo mọ̀?" Ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń rẹ́rìn-ín.

Láti ìgbà náà, nọ́ọ̀tì ilé yẹn kò ní ìsinmi. Káfíńtà a wá wò wọ́n lónìí, a tún wá lọ́túnla. Ẹni tó ń wo nọ́ọ̀tì tí kò tú, nǹkan mìíràn ló ń wò.

"Nọ́ọ̀tì mi ò tú o," Dákẹ́-N-Gbọ́ wí fún un.

"Ẹyẹ orí òpó mi, ta ló bi ọ́? Dákẹ́, jẹ́ n gbọ́!" káfíńtà fi ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ dá a lóhùn.

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu. Ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ ọ kẹ́yìn.

Ìyá káfíńtà gbọ́ ibi tí ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ ń yá lọ, ó bá a wá wo ilé náà. Ó gun àtẹ̀gùn, ó wò yíká, ó sì wà lóòró títí ó fi lọ. Rédíò tó tú ká ló kún orí àga kan ṣoṣo náà, kò sì wá sí ọkùnrin yìí lọ́kàn láti kó wọn kúrò.

"Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ," màmá wí fún ọmọ rẹ̀ nígbà tí wọ́n dé ìsàlẹ̀. "Ọkùnrin dáadáa ni, n ò bú u. Ṣùgbọ́n níbo lo fẹ́ jókòó sí?"

Dákẹ́-N-Gbọ́ gbọ́ ọ láti òkè. Ó gbà pé òótọ́ ni. Látìgbà tí ìyá tó bí i ti kú ló ti ń dá gbé, ó ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń fi àyè sílẹ̀ fún èèyàn. Dípò kó sáré tẹ̀ lé wọn, ó mú ìṣó, ó kan ilẹ̀kùn òfuurufú náà pa.

Nígbà tí káfíńtà padà wá tó rí ìṣó, kò bá a jà.

"Mo ti gbọ́," ló wí, ó sì sọ̀kalẹ̀. Kò wá wo nọ́ọ̀tì mọ́.

Òjò tún dé. Omi gba abẹ́ ilé kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, kò ba nǹkankan jẹ́. Dákẹ́-N-Gbọ́ jókòó sórí àga rẹ̀, ara rẹ̀ gbẹ, ilé rẹ̀ gbẹ, àwọn tí kò mọ̀ rí sì ń kí i kú ìrọ̀lẹ́ nínú rédíò. Àárò obìnrin náà sọ ọ́ débi pé omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀rù bà á pé bí òun yóò ṣe darúgbó nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, ó yọ ìṣó kúrò lára ilẹ̀kùn. Ó ṣa pákó tó ṣẹ́kù lára ilé àtijọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kan nǹkan.

Ìyá káfíńtà ló rí i láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù: ọkùnrin náà ń la omi títì bọ̀, ó gbé àga tuntun lérí.

"Ta ló kan wúruwùru yìí?" káfíńtà bèèrè, àmọ́ ó ti ń sún pákó kúrò lọ́nà fún un.

"Èmi ni. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jókòó."

Màmá jókòó. Àga mì sọ́tùn-ún, ó mì sósì. Màmá dì í mú, kò dìde.

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú," ó wí. "Ṣùgbọ́n ó gbà mí."

Ọkùnrin náà yíjú sí káfíńtà. "Mo ti yọ ìṣó. Yàrá kejì yẹn ni mo wá bẹ̀ ọ́ kí o kàn fún mi."

Káfíńtà yọ pẹ́ńsùlù létí. Ohun tó máa ń bi gbogbo oníbàárà ló bi í.

"Ẹni mélòó ni yóò gbé ibẹ̀?"

"Méjì, bí o bá gbà fún mi."

Káfíńtà kọ méjì sára pákó tó wà níwájú rẹ̀, ó tẹ pẹ́ńsùlù náà mọ́lẹ̀ dáadáa kó má baà pa rẹ́.