Alágbàfọ̀ Tí Wọ́n Pè Ní Àjẹ́

Ọmọ télọ̀ kò ṣàìsàn kó tó kú. Ọmọ ọjọ́ mọ́kànlá ni. Ó mu ọmú tán, ó sùn, kò sì jí mọ́. Ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tó pa á, bẹ́ẹ̀ ẹnu aráyé kì í gba kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà láìní àlàyé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, abẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yún ìyàwó télọ̀ tọ̀sán-tòru. Bó bá ń tọ̀, á máa ta á bí ìgbà tí ata bá kan ojú egbò. Nǹkan funfun kan tó ki bíi wàrà dídì ń jáde lára rẹ̀. Ojú ń tì í, kò lè sọ fún ọkọ. Ó fi ọṣẹ olóòórùn dídùn fọ inú ojú ara rẹ̀, ó tún fi omi iyọ̀ gbígbóná fọ̀ ọ́, ṣe ló ń le sí i. Kápúsù tí wọ́n fún un nígbà tí ibà mú un lẹ́yìn ìbímọ, ó tún ń rà á ní kẹ́míìsì, ó ń gbé e mì. Bí ọkọ bá sún mọ́ ọn, á kọjú sí ògiri. Nígbà tó yá, télọ̀ ká ẹní rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó ń sùn sáàárín àgékù aṣọ.

Oníbúrẹ́dì tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwọn ló kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ó bi ìyàwó pé ta ní ń bá a fọ aṣọ. Ìyàwó ní ẹ̀gbọ́n ọkọ òun ni.

“Obìnrin tí kò bí rí, tó ń fọ pátá abiyamọ,” ni oníbúrẹ́dì wí. “Ìwọ náà rò ó wò.”

Opó ni ẹ̀gbọ́n ọkọ yìí, ọ̀dọ̀ wọn ló ń gbé, iṣẹ́ alágbàfọ̀ ló ń ṣe. Òun ló tọ́ télọ̀ dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wọn kú, owó ìfọṣọ ló sì fi kọ́ ọ níṣẹ́. Ọṣẹ ti jẹ ìka rẹ̀ hó. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń ṣọ́ ọ. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ẹyẹ dúdú kan bà lé okùn tó ń sá aṣọ sí, ó ké lẹ́ẹ̀mejì, ó fò lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti di ìgbà méje lẹ́nu àdúgbò. Wọ́n tún rí i pé ní ìdájí, obìnrin náà ń da ìborí borí, ó ń jáde, ó fi nǹkan kan pamọ́ sí abíyá. Oníbúrẹ́dì ní ìpàdé àjẹ́ ló ń lọ.

Ní ìdájí kẹta, télọ̀ dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà.

“Àǹtí, níbo lẹ ti ń bọ̀?”

Ó wo ìyàwó tó dúró lẹ́yìn ọkọ, ìyàwó wolẹ̀. Orí ti kún ojú fèrèsé gbogbo ilé tó yí wọn ká.

“Ọ̀rọ̀ obìnrin ni. Jẹ́ kí n bá ìyàwó rẹ sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀.”

“Èyí tí ẹ ti ṣe fún ọmọ mi tó.”

“Ọmọ tí ò ń wí yẹn, èmi ni mo wẹ̀ ẹ́ kẹ́yìn kí ẹ tó sin ín. Ìwọ ò lè wo ojú rẹ̀.”

Ọ̀sán ọjọ́ náà ló ru ọpọ́n àti áyọ́ọ̀nù rẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó bá a gbé e dórí.

Lọ́jọ́ kẹrin, nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn wá, ó ń béèrè alágbàfọ̀. Ó ní ìdájí mẹ́ta ló fi wá bá òun, ó fi pátá tó lábàwọ́n han òun, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí òun wá wo aya àbúrò rẹ̀ nílé, torí ìtìjú kò ní jẹ́ kó wá fúnra rẹ̀. Ó yẹ ìyàwó wò nínú yàrá, ìyàwó sọ ẹ̀sùn àjẹ́ náà fún un, nọ́ọ̀sì sì pe télọ̀ wọlé.

“Kì í ṣe àjẹ́,” ni nọ́ọ̀sì wí. “Kì í sì í ṣe pé ó ṣe ìṣekúṣe. Ohun tín-ín-tín kan tó bá ìwúkàrà búrẹ́dì tan ni. Ó máa ń wà lára ọ̀pọ̀ obìnrin láìdá wàhálà sílẹ̀. Kápúsù ló pa àwọn kòkòrò rere tó ń ká a lọ́wọ́ kò, ló fi gbilẹ̀.”

Ó fún un ní oògùn tí yóò máa kì sí ojú ara ní alẹ́ mẹ́fà. Ó ní kó má fi ọṣẹ kan inú mọ́, omi lásán ni kó fi máa fọ ìta. Kó máa wọ pátá òwú tí kò fún, kó sì tètè bọ́ èyí tó bá tutù. Kó má dá kápúsù rà mọ́. Bó bá tún padà, kó wá kí wọ́n yẹ ṣúgà ara rẹ̀ wò.

Ìyàwó bi í bóyá òun ló pa ọmọ òun. Nọ́ọ̀sì ní rárá, èyí kọ́ ló pa á. Ohun tó pa á, òun kò mọ̀ ọ́n.

Kí oògùn tó tán, yíyún ti dáwọ́ dúró. Télọ̀ ká ẹní rẹ̀ padà wálé, ṣùgbọ́n wọn kò lè wojú ara wọn. Wọ́n wá alágbàfọ̀ lọ sí ìlú tó tó ìrìn ìdajì ọjọ́, wọ́n bá a lẹ́yìn ilé ìtura kan, ó ń ká aṣọ ibùsùn. Télọ̀ dọ̀bálẹ̀, ìyàwó kúnlẹ̀. Ó gbé wọn dìde. Ìyàwó ló kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀.

“Ṣé yíyún yẹn ti fi ọ́ sílẹ̀?”

“Ó ti lọ, mà.”

“Ó dáa.”

Télọ̀ bẹ̀ ẹ́ títí kó bá àwọn relé. Ó gbọ́ tán, ó sì ká aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán.

“Mo ti dárí jì yín. Ṣùgbọ́n ọmọ ìyá mi, o wò mí lẹ́nu ọ̀nà yẹn, o ò mọ̀ mí. Mi ò lè padà síbẹ̀.”

Ó sìn wọ́n dé títì, ó di ọwọ́ ìyàwó mú títí ọkọ̀ fi dé. Nígbà tí télọ̀ bojú wẹ̀yìn, ó ti wọlé.