Ẹyinjú àti Gbọ̀ngàn Tó Ṣókùnkùn

Ẹyinjú ni màmá rẹ̀ máa ń pè é. Lónìí, ọkàn Ẹyinjú ò balẹ̀.

Màmá fẹ́ bá èèyàn púpọ̀ sọ̀rọ̀ ní gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ awòràwọ̀. Ó fẹ́ sọ bí ìràwọ̀ ṣe ń di ìràwọ̀.

Àwọn èèyàn ń wọlé wìtìwìtì. Ẹyinjú di ọwọ́ màmá mú. Ọwọ́ náà tutù.

"Màmá, ṣé ẹ̀rù ń bà yín ni?"

"Díẹ̀ ni, ọmọ mi."

Háà! Ṣé ẹ̀rù máa ń ba màmá náà?

Alága ẹgbẹ́ fa kọ́tìnì. Ó pa iná, kí àwòrán lè hàn lára ògiri.

Àwòrán kan yọ. Ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán jáde dún: pọ́ọ̀! Àwòrán pòórá.

Alága tẹ iná: kẹ́! kẹ́! Iná ò tàn.

Òkùnkùn ṣú biribiri.

Ẹyinjú ò fẹ́ràn òkùnkùn rárá.

Ọmọ ọwọ́ kan bú sẹ́kún. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé," ẹnìkan wí. Àga ń dún: gìrì, gìrì.

Màmá dákẹ́.

Ẹyinjú fi ọwọ́ wá màmá. Ó wá a, ó wá a. Ó rí i! Ó dì mọ́ ọn.

"Màmá," Ẹyinjú béèrè, "níbo ni ìràwọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀?"

Màmá mí kanlẹ̀. "Inú òkùnkùn ni. Eruku àti afẹ́fẹ́ ló wà níbẹ̀. Òtútù ń mú wọn."

"Kí ni wọ́n wá ṣe?"

"Wọ́n sún mọ́ra. Díẹ̀díẹ̀."

Ẹyinjú ronú. Ó wá pariwo: "Ó yá, ẹ̀yin eruku! Ẹ sún mọ́ra!"

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ kan sún mọ́ awakọ̀ kan. Awakọ̀ sún mọ́ ìyá ọmọ tó ń sunkún.

"Ẹ tún sún mọ́ra!"

Wọ́n fún pọ̀ pinpin. Ọmọ ọwọ́ dákẹ́.

"Bó ṣe rí gan-an nìyẹn," màmá wí. Ohùn rẹ̀ ti padà. "Bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ra, bẹ́ẹ̀ ni àárín wọn ń gbóná. Ó máa ń pẹ́ o!"

"Yéè! Ooru ń mú mi o!" alága ké láti àárín wọn.

"Ẹ ti fẹ́ di ìràwọ̀ nìyẹn!" Ẹyinjú dá a lóhùn.

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín: kàkàkà!

Alága tọwọ́ bọ àpò. Ó tan tọ́ọ̀ṣì: yàà!

"Ìràwọ̀!" gbogbo gbọ̀ngàn pariwo.

Kò sẹ́ni tó lọ sílé mọ́. Màmá sọ̀rọ̀ títí ó fi parí. Wọ́n pàtẹ́wọ́: wàà, wàà, wàà!

"Màmá, ẹ̀rù ṣì ń bà mí díẹ̀," Ẹyinjú sọ ọ́ sí i létí.

"Èmi náà. Jẹ́ ká jọ lọ síta."

Níta, awò ńlá kan tí wọ́n fi ń wo ìràwọ̀ kọjú sí ojú ọ̀run. Àwọn àgbà ti tò sẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ yà fún un," alága wí. "Ọmọ tó kó wa jọ ló máa kọ́kọ́ wò."

Ẹyinjú di ojú kan. Ó fi ìkejì wo inú awò.

Ìràwọ̀ kan ń tàn wínníwínní nínú òkùnkùn.

"Ẹ kú alẹ́ o," Ẹyinjú kí i jẹ́jẹ́. "Ṣé ara yín ti móoru?"