Ọ̀rẹ́ Inú Lẹ́tà

Ọkùnrin kan dúró lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà oko, ó ń wo fọ́tò kan. Nígbà tí Olúwaṣìkẹ́mi rí i pé fọ́tò òun ni, ó dúró.

"Ṣìkẹ́mi, èmi ni Lazarus."

Irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni Ṣìkẹ́mi nígbà náà, ní Mọ́níyà, ní ọdún 1993. Nínú ìwé ìròyìn àwọn ọ̀dọ́ kan, lójú ewé tí àwọn tó ń wá ọ̀rẹ́ máa ń fi àdírẹ́sì wọn sí, ló ti rí orúkọ Lazarus, ẹni tó ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni òun. Ìyá Ṣìkẹ́mi ti kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ kọ̀wé sí ẹni tí àwọn kò mọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi lẹ́tà tiwọn yangàn ní kíláàsì, òun náà sì lo àdírẹ́sì ilé Alimat, ọ̀rẹ́ rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni Lazarus ń béèrè: fọ́tò, orúkọ ilé ìwé, ọ̀nà tó ń gbà relé, àkókò tí ìyá rẹ̀ ń ti ibi iṣẹ́ dé. Gbogbo rẹ̀ ni ó dáhùn.

"Mọ́tò mi wà níwájú. Ìyá rẹ kò ní í dé kí aago márùn-ún tó lù," ni ọkùnrin náà wí, ó sì na ọwọ́ sí i.

Ṣìkẹ́mi fà sẹ́yìn. Ó ju báàgì rẹ̀ sílẹ̀, ó sá wọ oko ẹ̀gẹ́. Ó ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ títí ó fi já sí ibi tí Ìyá Sàníù ti ń yan gàrí. Obìnrin náà ké sí àwọn tó wà lóko, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dé ojú ọ̀nà, ọkùnrin náà ti lọ. Ó gbé báàgì lọ, àdírẹ́sì ilé wọn sì wà lára ìwé inú rẹ̀.

Bàbá Ṣìkẹ́mi fi ẹjọ́ sun ọlọ́pàá. Wọn kò rí ẹni náà. Fún oṣù púpọ̀, bí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn, Ṣìkẹ́mi a sá wọ yàrá.

Ìyá rẹ̀ kò nà án. Ó kàn sọ pé, "Ká ní o fi lẹ́tà àkọ́kọ́ hàn mí ni, à bá jọ kà á."

Bàbá rẹ̀ ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Ṣìkẹ́mi wá mọ̀ pé ẹni tí a kò rí lójú lè pe ara rẹ̀ ní ohunkóhun, àti pé ọ̀rẹ́ tí ọmọdé bá ní láti fi pamọ́ fún òbí rẹ̀, ewu ni.