Ìdì Ṣúgà tí Bouazza Gbé Wá

Ìgbà àkọ́kọ́ tí Bouazza rí Yamna, obìnrin náà gbé pákó búrẹ́dì lérí, ìyẹ̀fun sì ti kun apá rẹ̀ méjèèjì títí dé ìgúnpá. Ó ń bọ̀ láti ibi ààrò tí ó ti ń ṣiṣẹ́, ó sì ti rẹ̀ ẹ́ débi pé díẹ̀ ló kù kó kọjá lára kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta Bouazza láì wò ó. Àfi bó ṣe rí etí kan tó yọ lábẹ́ kúbùsù, etí eléérú tí ṣóńṣó rẹ̀ ya díẹ̀.

"Ṣé Warda nìyẹn?" ni ó béèrè.

Bouazza pa ẹ́ńjìnnì. Ó ní Lalla Tamou, ìyá Yamna, ló ránṣẹ́ pe òun, pé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan kú láàárọ̀, kí òun tètè gbé e kúrò kí ọmọbìnrin ilé tó dé. Yamna na ọwọ́, ó rọra ti etí náà padà sábẹ́ kúbùsù, ó sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Kò sunkún. Láti ìdájí ló ti ń po ìyẹ̀fun, kò lágbára ẹkún. Bouazza wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí ó fi wọlé, inú rẹ̀ sì bàjẹ́ bí ẹni pé òun gan-an ló pa ẹran náà.

Iṣẹ́ Bouazza nìyẹn. Gbogbo ẹran tó bá kú lórí òkè Zerhoun wa yìí, òun là ń pè. A nílò rẹ̀, ṣùgbọ́n a kì í bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Bí a ṣe ń ṣe nìyẹn, ó sì ti sú mi láti máa sọ ọ́.

Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ méjì ni bàbá Yamna fi sílẹ̀ nígbà tó kú lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, Warda àti Kamoun. Wọ́n ti darúgbó kọjá ẹrù rírù. Àwọn aládùúgbò ń fi Yamna ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọ̀lẹ méjì ló ń bọ́, ṣùgbọ́n ohun tó kù fún un lára bàbá rẹ̀ nìyẹn, ó sì fẹ́ràn wọn. Ní ogún ọdún, àwọn méjèèjì kò sùn lọ́tọ̀ rí.

Lọ́jọ́ kejì, Kamoun bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹran, ó kọjú sí títì, ó ké títí ohùn rẹ̀ fi ha. Kò fẹnu kan koríko. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, Yamna lọ pe obìnrin dókítà ẹranko. Dókítà náà tẹ ikùn rẹ̀, ó wo ẹnu rẹ̀, kò rí àìsàn kankan. Ó wá béèrè bóyá Kamoun fojú rí òkú èkejì rẹ̀. Yamna ní rárá, wọ́n tètè gbé e lọ kí ó má baà bà á lọ́kàn jẹ́.

"Àṣìṣe tẹ́ ẹ ṣe nìyẹn," ni dókítà wí. "Ó yẹ kó dúró tì í, kó gbóòórùn rẹ̀, kó fi imú tì í wò, títí á fi yé e. Ní báyìí, lójú tiẹ̀, Warda lọ sọ́jà ni, kò tíì dé. Tí kò bá sì jẹun di ọ̀la, ọ̀rá ara rẹ̀ máa dà sínú ẹ̀jẹ̀, á pa á."

Ó ní kí wọ́n wá ohunkóhun tí òórùn Warda ṣì wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n Lalla Tamou ti fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ ilé ẹran, ó sì ti dáná sun gàárì. Òun náà rò pé àánú lòun ń ṣe.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni Bouazza kan ilẹ̀kùn. Igbe Kamoun ti dé ilé rẹ̀ nísàlẹ̀ òkè. Ó gbé ìdì ṣúgà kan dání, èyí tó ga ṣóńṣó nínú bébà aláwọ̀ aró, tí a máa ń gbé lọ kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, tí a sì tún máa ń gbé lọ tọrọ ìyàwó.

Lalla Tamou wò ó látòkè délẹ̀. "Torí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lo ṣe gbé ṣúgà wá?"

"Torí ẹni tó ni ín ni, Màmá."

"Gbé e sórí pẹpẹ yẹn. Má jókòó."

Yamna bá a jáde. Ó bi í pé inú ọ̀gbun wo ló ju Warda sí, bóyá nǹkan kan ṣì kù níbẹ̀.

Bouazza ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Inú ọ̀gbun ni wọ́n ní kí n jù ú sí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mo rí bẹ́ ẹ ṣe ti etí ẹ̀ padà sábẹ́ kúbùsù. Mo gbẹ́lẹ̀ fún un lábẹ́ igi ólífì mi."

"Kúbùsù yẹn ńkọ́?"

"Ó wà nínú kẹ̀kẹ́. Mi ò tíì fọ̀ ọ́. Ọ̀lẹ ni mí."

"Ọlọ́run á bù kún ọ̀lẹ," ni Yamna wí, ó sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mẹ́ta.

Kamoun ti imú bọ inú kúbùsù náà, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n. Igbe rẹ̀ dáwọ́ dúró. Wọ́n mú un sọ̀kalẹ̀ lọ sábẹ́ igi ólífì, òun láàárín, àwọn méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó gbóòórùn ilẹ̀ tútù náà, ó fi pátákò wa á díẹ̀, ó wá dúró gbagidi. Kò sẹ́ni tó kán an lójú. Yamna jókòó sílẹ̀, ẹkún tó ti ń sá fún un sì dé. Bouazza kọ ẹ̀yìn sí i kó lè sun ún tẹ́rùn. Wọ́n ti pe ìrun alásárì kí Kamoun tó fúnra rẹ̀ yí padà, tó lọ sẹ́bàá ọgbà, tó já koríko.

"Ó ń jẹun," ni Yamna wí.

"Mò ń gbọ́ ọ," ni Bouazza dáhùn, kò sì tíì yíjú padà.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ọ̀sán tí Bouazza kì í wá. Ó mú ewúrẹ́ arúgbó kan wá kí Kamoun má baà dá sùn. Ó ń pe Yamna ní ẹ̀dọ̀ mi, bí a ṣe ń pe olólùfẹ́ níbí, Yamna sì ń dá a lóhùn pé ẹ̀dọ̀ òun ti rẹ̀, kó wá ibòmíràn pè. Ṣùgbọ́n tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bá pẹ́, ẹnu ọ̀nà ni ẹ ó ti bá a.

Lalla Tamou kò gbà. Ó ní òun kò ní fi ọmọ òun fún agbókùú ẹran. Yamna ti pé ogójì ọdún, ìjà ti sú u, ó sì ní kí Bouazza má wá mọ́. Bouazza ní òun gbọ́. Ó kàn fẹ́ béèrè ohun kan kí òun tó lọ.

"Ta ni ìyá rẹ ń retí? Bí mo bá ṣe ń kọjá lálaalẹ́, ilẹ̀kùn yín ṣí gbayawu, òun náà kọjú sí títì."

Yamna bojú wẹ̀yìn wo ẹnu ọ̀nà náà. Lọ́jọ́ tí bàbá rẹ̀ kú, àwọn ọkùnrin ló gbé e jáde. Àwọn obìnrin kì í tẹ̀lé òkú lọ sí itẹ́ òkú níhìn-ín. Orókún Lalla Tamou kò sì jẹ́ kó lè gun òkè náà láti ìgbà yẹn. Ọdún mẹ́rin rèé, kò sẹ́ni tó fi ibẹ̀ hàn án.

"Bíi ti Kamoun ni," ni Yamna sọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, Bouazza fọ kẹ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó tẹ́ rọ́ọ̀gì sínú rẹ̀. Lalla Tamou bojú wò ó.

"Nínú kẹ̀kẹ́ òkú yìí?"

"Òun nìkan ló lè gbé yín dé sàréè Bàbá, Ìyá," ni Yamna wí.

Ìyá náà wo títì pẹ́ títí, kó tó na ọwọ́ sí Bouazza, Bouazza sì gbé e sínú kẹ̀kẹ́.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè, ìyá náà tu koríko ibẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa ilẹ̀ náà. "Ibí lo wà látọjọ́ yìí," ni ó wí, bí ẹni ń bá ọkọ rẹ̀ wí fún pípẹ́ níta. Kò sẹ́ni tó kán an lójú. Nígbà tó ṣe, òun fúnra rẹ̀ ló ní ó tó.

Nígbà tí wọ́n délé, ó ní kí Yamna gbé omi tíì kaná, kó sì sọ ìdì ṣúgà náà kalẹ̀. Bébà rẹ̀ ṣì wà bó ṣe wà. Ó ní kí Bouazza jókòó.

"Ta lo gbé èyí wá fún, òkú àbí alààyè?"

"Òkú ni mo kọ́kọ́ gbé e wá fún, Màmá."

"Báyìí ńkọ́?"

Bouazza wo Yamna. Yamna nu omi kúrò ní ọwọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ fọ́ ọ, Ìyá," ni ó wí.

Lalla Tamou mú òòlù kékeré, ó fọ́ ṣúgà náà. Ó ní kí Bouazza mú àwọn ẹlẹ́rìí ìgbéyàwó wá ní Jímọ̀ tó ń bọ̀. Bouazza mu ife tíì mẹ́ta, ó dùn rinrin, ó sì yà kí Kamoun kó tó máa lọ. Oòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tí ìyá náà ní kí Yamna lọ ti ilẹ̀kùn.