Ìtọ́wò Orí Fóònù: Ẹni Tó Dákẹ́ Ti Rà Á

Bí ẹ bá ti ra gàrí rí ní Ọjà-Ọ̀dàn, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Ẹ ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ igbá, ẹ ó bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ ó jù ú sẹ́nu. Bó bá kan jù, tàbí tó ní yanrìn nínú, ẹ ó dákẹ́, ẹ ó sì kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Ẹni tó ni gàrí lè yọ ṣùtì sí yín, ṣùgbọ́n kò ní fà yín láṣọ ya. Ìtọ́wò kì í ṣe gbèsè. Bí wọ́n ṣe bí wa bá a nìyẹn.

Ohun tí Rọ́fíàt aránṣọ náà mọ̀ nìyẹn, òun ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kó o sí wàhálà.

Rọ́fíàt ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní abúlé tó wà lẹ́yìn Ọjà-Ọ̀dàn, níbi tí ọ̀nà ti ń sún mọ́ bọ́dà. Bàbá rẹ̀, Husain, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Husain, máa ń jókòó tì í láti àárọ̀, nítorí ara àgbà ò gba oko mọ́. Bí Rọ́fíàt bá ti ń tẹ maṣíìnì, á tan pọ́díkáàsì sórí fóònù. Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì mọ pọ́díkáàsì, ẹ fi ṣe rédíò tí kì í dúró de aago. Èyí tó bá wù yín lẹ ó gbọ́, nígbà tó bá wù yín, ẹ sì lè dá a dúró kẹ́ ẹ lọ ro ọbẹ̀. Irú èyí tí Rọ́fíàt fẹ́ràn kì í ṣe àlọ́ o. Ìtàn gidi ni, àwọn tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀ sí ló ń fẹnu ara wọn sọ ọ́.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ìtàn àwọn ẹbí tí bọ́dà là sí méjì ni wọ́n ń gbọ́: ẹnì kan ní Nàìjíríà, ọmọ ìyá rẹ̀ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, èdè kan náà, ilẹ̀ oko kan náà. Apá kejì ń parí lọ. Obìnrin tó ń sọ ìtàn náà wí pé, "Ní apá kẹta, ẹ ó gbọ́ ohùn Jibril, aránṣọ kan ní Kétu, tó ṣàlàyé ìdí tí wọn ò fi rí i níbi ìsìnkú ìyá rẹ̀. Jibril ti jáde láyé kí ètò yìí tó jáde."

Bàbá Husain gbọ́wọ́ sókè.

"Rọ́fíàt, dá maṣíìnì yẹn dúró. Ta ni wọ́n pè?"

"Jibril ni wọ́n pè, Bàbá. Aránṣọ, ní Kétu."

"Ẹ̀gbọ́n mi ni."

Rọ́fíàt mọ̀. Gbogbo ẹbí ló mọ̀, wọn kàn kì í dárúkọ rẹ̀ ni. Ọdún tí wọ́n ti bọ́dà pa ni ìyá wọn kú. Wọ́n ránṣẹ́ sí Jibril, wọ́n retí rẹ̀ títí, nígbà tí ilẹ̀ fẹ́ ṣú, wọ́n sìnkú. Bọ́dà tì lóòótọ́, àmọ́ ta ni ò mọ ọ̀nà igbó lágbègbè wa? Bàbá Husain dìde láàárín èrò, ó ní òun ò ní ẹ̀gbọ́n mọ́. Láti ọjọ́ náà, kò pè é, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè rẹ̀, títí tí wọ́n fi gbọ́ pé Jibril náà ti lọ.

"Fi apá kẹta sí i," ni Bàbá wí.

Rọ́fíàt tẹ̀ ẹ́. Àwòrán àgádágodo ló yọ sí i. Ó tún un tẹ̀, ojú ewé kan ṣí, gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ sì jẹ́ Faransé. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Kútọnù ló tún ti gbé fóònù rẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe wọ́n lábúlé yẹn. Ó na ọrùn síta, ó pe Báyọ̀, aládùúgbò rẹ̀ tó máa ń gbé èlùbọ́ lọ tà ní Kétu.

"Ẹ̀gbọ́n Báyọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá wa ka nǹkan yìí."

Báyọ̀ wò ó, ó rẹ́rìn-ín. "Gratuit. Ọ̀fẹ́ ni. Èyí tó ṣáájú rẹ̀ yìí, ìtọ́wò ni. Wọ́n ní kẹ́ ẹ wá tọ́ ọ wò lọ́fẹ̀ẹ́."

"Àwọn lẹ́tà wínníwínní tó wà nísàlẹ̀ yìí ńkọ́?"

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, Faransé Báyọ̀ ò ju Faransé èlùbọ́ lọ. Ó mọ "èló ni", ó mọ "dín in kù", ó mọ "ó dàbọ̀". Ṣùgbọ́n Bàbá Husain ń wò ó lójú, kò sì rọrùn fún ọkùnrin tí gbogbo abúlé ń pè ní Mùsíọ̀ Báyọ̀ nítorí Faransé rẹ̀ láti sọ pé òun ò mọ̀ ọ́n kà.

"Ìyẹn? Wọ́n ń kí yín káàbọ̀ ni."

"Ìkíni yìí mà gùn o," ni Rọ́fíàt wí.

"Bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń kí ènìyàn nìyẹn. Wọ́n lọ́yàyà."

Rọ́fíàt tẹ ibi tí Báyọ̀ ní kó tẹ̀. Àwọn àpótí kéékèèké yọ, àwòrán káàdì báǹkì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ó ṣíwọ́.

"Ọ̀fẹ́ wo ló tún ń béèrè káàdì?"

"Bóyá wọ́n fẹ́ mọ̀ pé ènìyàn gidi ni ẹ́," ni Báyọ̀ fèsì. "Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe? Ìtọ́wò ṣá ni."

Rọ́fíàt rò ó wò. Ọ̀rọ̀ náà sì wọ̀ ọ́ létí. "Òótọ́ ni. A ó gbọ́ apá kẹta. Bó bá ti parí, a ó dákẹ́, a ó bá tiwa lọ." Ó fa káàdì yọ nínú pọ́ọ̀sì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka nọ́ńbà ibẹ̀ sókè, Báyọ̀ sì ń bá a tẹ̀ ẹ́.

Ibẹ̀ ni Mofẹ́olúwa ti wọlé. Tíṣà Faransé ni ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ayétòrò, aṣọ rẹ̀ ló wá gbà.

"Àǹtí Rọ́fíàt, nọ́ńbà káàdì yín lẹ̀ ń kà jáde lójú títì yìí?"

"Ọ̀fẹ́ ni, Tíṣà. A fẹ́ tọ́ nǹkan kan wò ni."

"Ẹ jẹ́ n rí i."

Mofẹ́olúwa gba fóònù, ó ka àwọn lẹ́tà wínníwínní náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kò sáré kà á.

"Kì í ṣe ọ̀fẹ́ lásán o. Ohun tí wọ́n kọ síbí ni pé ọ̀fẹ́ ni fún ọ̀sẹ̀ kan péré. Bí ọ̀sẹ̀ náà bá pé, tí ẹ ò sì tíì sọ pé ẹ ò ṣe mọ́, wọ́n á máa yọ owó lórí káàdì yín lóṣooṣù. Owó tẹ́ ẹ sì ń wò níbẹ̀ yẹn, tó dà bíi pé kò tó nǹkan, sefà ni, owó àwọn ará ibẹ̀. Kì í ṣe náírà."

Báyọ̀ họ orí. "Faransé inú ìwé yàtọ̀ sí tọjà."

"Ó yàtọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Kò sì sí ìtìjú nínú ká sọ pé ibí yìí ò yé mi."

"Ṣùgbọ́n mi ò sọ pé mo fẹ́ rà á," ni Rọ́fíàt wí. Inú ti ń bí i. "Mo fẹ́ tọ́ ọ wò, kí n dákẹ́, kí n máa lọ ni."

"Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà, Àǹtí. Lọ́jà tiwa, ẹni tó dákẹ́ kò rà á. Lórí fóònù, ẹni tó dákẹ́ ti rà á."

"Olè ni wọ́n nígbà náà."

"Rárá o. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀, àwa ni a ò kà á. Olè wà lóòótọ́, àmọ́ tiwọn tún lọ́tọ̀. Ibo lẹ ti rí ojú ewé yìí? Ṣé ẹnì kan ló fi ránṣẹ́ sí yín lórí Wọ́sáàpù?"

"Rárá. Inú áàpù tá a fi ń gbọ́ ìtàn náà ló ti yọ."

"Ìyẹn dáa. Ká ní líǹkì tí wọ́n ń pín kiri ni, tó ní ọ̀fẹ́ ọdún kan gbáko, màá ní kẹ́ ẹ pa á rẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sì pè yín pé kẹ́ ẹ ka nọ́ńbà tí báǹkì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ránṣẹ́ sí yín fún òun, olè pọ́ńbélé ni, kódà kó máa fi Ọlọ́run búra."

Kí wọ́n tó ṣe ohunkóhun mìíràn, Mofẹ́olúwa lọ wo ojú ewé àwọn tó ṣe ètò náà gan-an. Ó ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ohun tí wọ́n fi àgádágodo sí níbì kan, ọ̀fẹ́ ló wà níbòmíì. Tèyí kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé gbogbo ènìyàn á lè gbọ́ apá kẹta lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ ó di oṣù méjì sí i.

"Ẹ ò ṣe ní sùúrù díẹ̀, Bàbá?" ni Rọ́fíàt bi í.

Bàbá Husain mi orí. "Ọdún tí wọ́n ti bọ́dà pa ni mo ti wà lẹ́nu sùúrù. Mi ò mọ̀ bóyá oṣù méjì ṣì kù fún mi tí màá fi kún un. Mo fẹ́ gbọ́ ìdí tó fi fi mí sílẹ̀ láti dá sin ìyá wa."

Mofẹ́olúwa ò jiyàn. "A ó gba ìtọ́wò náà nígbà náà, àmọ́ a ó gbà á bó ṣe tọ́."

Ó kọ́kọ́ dá fóònù padà sórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì Nàìjíríà, kí owó lè yọ ní náírà, kí èdè sì yé Rọ́fíàt. Ó ní kí Rọ́fíàt má lo káàdì tí owó iṣẹ́ rẹ̀ ń wọlé sí, kó lo ti báǹkì kejì tí kò fi nǹkan ńlá pamọ́ sí, kó sì fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Báyọ̀ kọjú sí títì kó má bàa rí i. Nígbà tí àgádágodo náà lọ, Mofẹ́olúwa ní, "Ó yá, ẹ jẹ́ ká fagi lé e báyìí. Wọ́n kọ ọ́ síbí pé bí ẹ bá tiẹ̀ fagi lé e lónìí, ẹ ṣì lè máa gbọ́ títí ọ̀sẹ̀ á fi pé. Ibòmíì kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n á tì í padà."

"Tíṣà, jọ̀ọ́," ni Bàbá Husain wí. "Jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Mi ò fẹ́ kí àgádágodo yẹn tún padà wá."

Mofẹ́olúwa wo ojú rẹ̀, ó sì gbé fóònù lé e lórí itan.

Ohùn Jibril rọra jáde. "Mo gbéra lọ́jọ́ náà gan-an. Ọ̀nà igbó ni mo gbà, ẹsẹ̀ ni mo fi rìn, torí ẹrẹ̀ ò jẹ́ kí ọ̀kadà kọjá. Nígbà tí mo fi dé, wọ́n ti sin ín. Ojú tì mí, mo gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni mo wà tí mo gbọ́ ohùn àbúrò mi. Ó ní òun ò ní ẹ̀gbọ́n mọ́. Mo lọ síbi sàréè ìyá mi, mo ṣàdúà, mo padà. Mo ní bí inú rẹ̀ bá rọ̀, á ránṣẹ́ pè mí. Òun dákẹ́, èmi náà dákẹ́."

Obìnrin náà bi í bóyá ó ṣì ń bínú. Jibril rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Sí ta ni? Husain ni mo kọ́kọ́ rán ṣòkòtò fún láyé mi. Ẹsẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ, ó sì wọ̀ ọ́ lọ sí Yídì bẹ́ẹ̀."

Bàbá Husain sunkún. Kò bò ó. Rọ́fíàt di ọwọ́ rẹ̀ mú, Báyọ̀ sì sorí kodò. Mofẹ́olúwa nu ojú tirẹ̀.

"Bàbá, ẹ foríjì mí. A ò gbọdọ̀ gbàgbé láti fagi lé e. Báyìí ló ṣe máa ń ṣe ènìyàn. Ohun tá a gbọ́ á wọ̀ wá lára, a ó gbé fóònù sílẹ̀, ó di ìgbà tí báǹkì bá ránṣẹ́ pé wọ́n ti yọ owó."

Rọ́fíàt fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Fóònù ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má lọ, ó ní àwọn á dín owó kù fún un. Kò dá a lóhùn, ó tẹ "fagi lé" lẹ́ẹ̀kan sí i, títí tí àtẹ̀jíṣẹ́ fi wọlé pé ó ti parí. Ó ya àwòrán rẹ̀ pamọ́. Apá kẹta náà ṣì ṣí sílẹ̀.

Bàbá Husain gbójú sókè. "Mo rò pé bí mo bá dákẹ́, kò ní ná mi ní nǹkan kan. Wò ó, ẹ̀gbọ́n mi ló ná mi." Ó yíjú sí Báyọ̀. "Ìwọ tó ò ń lọ sí Kétu, ǹjẹ́ o mọ ilé àwọn ọmọ Jibril?"

"Mo mọ̀ ọ́n, Bàbá. Ìyàwó rẹ̀ máa ń ra èlùbọ́ lọ́wọ́ mi."

"O mọ̀ ọ́n, o ò sọ fún mi?"

"Ẹ ò bi mí, Bàbá."

"Mo bi ọ́ báyìí. Bí o bá ń lọ lọ́jọ́ ọjà, èmi náà á bá ọ lọ."

Ẹ̀yin ará Yewa, ohun tó dáa ni pọ́díkáàsì, ìtọ́wò ọ̀fẹ́ náà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àmọ́ kí ẹ tó gbà á, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá àwọn tó ni ìtàn náà ń fún ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́ níbòmíì. Ẹ gba inú áàpù tàbí ojú ewé tiwọn wọlé, ẹ má gba líǹkì orí Wọ́sáàpù. Ẹ ka àwọn lẹ́tà wínníwínní. Bí wọ́n bá jẹ́ èdè tí ẹ ò gbọ́, ẹ wá ẹni tó gbọ́ ọ dáadáa, kí ẹni tí kò gbọ́ ọ sì ní ìgboyà láti sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ mọ ọjọ́ tí ọ̀fẹ́ máa parí, ẹ sì fagi lé e ṣáájú ọjọ́ náà. Bí ẹ bá yọ áàpù kúrò lórí fóònù, ẹ ò tíì fagi lé nǹkan kan o, wọ́n á ṣì máa yọ owó.

Bàbá Husain ní kí n fi èyí kún un, mo sì ti ṣèlérí fún un. Bí ẹnì kan bá wà nínú ẹbí tí ẹ ti dákẹ́ fún látọjọ́ yìí, ó ní ẹ pè é lónìí, nígbà tó ṣì lè fẹnu ara rẹ̀ dá yín lóhùn.